Ẹ̀fọ́ Ìkórè

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Mo ti fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Apẹ̀rẹ̀ ńlá méjì ni Ìyá Bọ́lá fi kó ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wá sí ìsìn ìkórè. Oko rẹ̀ ni mo ti ń dán oògùn kòkòrò tí à ń ṣe ní yunifásítì wò. Inú hóró tíntìntín tó ní ihò lára bíi fóòmù ni a fi oògùn náà sí, kó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ tí mo fín in. Ó yẹ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó já a.

Mo rọra bi í pé, "Mà, ṣé ti oko tí mo fín ni ẹ já yìí?"

"Mo fi sí imú wò, ọmọ mi. Kò rùn."

Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń mọ̀ nìyẹn: tí òórùn bá ti lọ, oògùn ti lọ. Tiwa kì í rùn rárá. Èmi náà ni mo fi ìyẹn yangàn lójú rẹ̀. Mo gbàgbé láti sọ iye ọjọ́ tó yẹ kó dúró kó tó já a. Àbí mo gbàgbé ni? Mò ń kánjú lọ...

Wòlíì gbàdúrà sí ẹ̀fọ́ náà, wọ́n pín in fún ìjọ. Mo dúró nínú sùtánà funfun mi, mi ò la ẹnu. Mò ń ronú pé tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ oko wọn mọ́.

Ìyá Bọ́lá di tèmi lọ́tọ̀. Ó ní kí n fi se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ sin tèmi lẹ́yìn ilé. Ti àwọn yòókù á ti wà lórí iná báyìí.