Mo Ní Mi Ò Kì Í Wọkọ̀ Ọ̀fẹ́, Ni Ìnṣọ́ránsì Bá Dáwọ́ Dúró

Èmi ni mo lọ sọ ọ́ ní iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ẹlòmíì ni wọ́n sì ń bínú sí. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ gbà mí o, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún nínú blọ́ọ̀kù wa, torí kò sẹ́ni tí ò mọ ẹnìkejì níbẹ̀... Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ẹ má wo bó ṣe rí játijàti. Taipíìsì ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkòyí. Ọwọ́ ọ̀tún mi tí mo fi ń jẹun ni jàǹbá ọkọ̀ kàn, wọ́n ti tú P.O.P. tí wọ́n fi dì í kúrò lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Taipíìsì tí ìka rẹ̀ kò ká, kí ló kù tó fẹ́ máa ṣe?

Festac Town là ń gbé, nínú àwọn ilé tí wọ́n pín fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìkòyí mọ ohun tójú ń rí ní Mile 2 láàárọ̀ kéèyàn tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Bísí tó ń gbé lókè wa (mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà) fi ń gbé àwa méjì nínú mọ́tò rẹ̀, èmi àti Ayọ̀, ọ̀dọ́kùnrin àpọ́n kan tó ń gbé nísàlẹ̀, tó ń pè mí ní Àǹtí. Tí oṣù bá parí, oníkálukú á fi nǹkan sínú àpò ìwé, á fún Ìyá Bísí, ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní owó ọkọ̀ o. Owó pẹtiróòlù là ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni blọ́ọ̀kù tó kọjú sí tiwa ṣe ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ká tó dé Mile 2, Bàbá Bísí ń fi áńkáṣíìfù nu gíláàsì iwájú láti inú, kò rí típà iyanrìn tó dúró sójú ọ̀nà, ó sì lọ kọlu ìdí ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán sọ́nà méjì. Ọrùn ọwọ́ tèmi fọ́ nítorí iwájú ni mo jókòó. Ayọ̀ tó wà lẹ́yìn kàn fi iwájú orí gba ọgbẹ́ díẹ̀ ni.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ṣì so ẹsẹ̀ Bàbá Bísí kọ́ ní ọsibítù, ó fi fọ́ọ̀mù kan rán ìyàwó rẹ̀ sí mi. Ìyá Bísí ní ìnṣọ́ránsì ńlá ni ọkọ òun ṣe, kì í ṣe èyí táwọn èèyàn kàn ń ṣe kí ọlọ́pàá má baà mú wọn, ó ní ibì kan wà nínú ẹ̀ tó ń san owó ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa nínú mọ́tò náà, tó sì ń san nǹkan sí i bí ẹ̀yà ara ẹni náà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, láì béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Láì béèrè ẹni tó jẹ̀bi? Ta ló ń sanwó bẹ́ẹ̀ láyé yìí? Ibẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí fu mí. Mo wá ka fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò Ìyá Bísí ni mí, pé wọ́n kàn gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà ni, wọ́n sì ti fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí mo máa fọwọ́ sí. Èmi! Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ Ọ̀ṣogbo ni òun, ìgbà wo la di ọmọ ìyá?

Ìyá Bísí ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ owó pẹtiróòlù, wàhálà ni. Wàhálà wo? Ohun tó yẹ kí n béèrè nìyẹn o, mi ò béèrè. Lọ́kàn tèmi, wọ́n fẹ́ sọ mí di àbúrò kí owó ọwọ́ mi lè gba ọwọ́ wọn kọjá ni. Mo sì rò pé ẹni tó ń sanwó ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ ju ẹni tó wọ ọ̀fẹ́ lọ. Ṣé ẹ̀yin náà ò ní rò bẹ́ẹ̀? Mo ní kó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, pé ọwọ́ ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo dá lọ sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi, ó ń pè mí ní Madam, ó ra míníràlì fún mi. Ó béèrè pé kí ni mo jẹ́ sí Bàbá Bísí, ṣé wọ́n kàn gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Inú bí mi. Mo ní, “Mi ò kì í wọkọ̀ ọ̀fẹ́ o. Oṣooṣù ni mò ń sanwó tèmi.” Ó fi bírò sílẹ̀, ó tún gbé e. Ó ní ta ló tún ń san, mo sọ. Ó ní láti ìgbà wo, mo sọ. Kódà èmi ni mo pe lẹ́tà orúkọ bàbá Ayọ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣì í kọ! Mo jáde níbẹ̀, mo rò pé mo ti gbọ́n jù wọ́n lọ.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé bá Bàbá Bísí lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní mọ́tò tó wà fún ìlò ilé rẹ̀ ni wọ́n ṣe ìnṣọ́ránsì fún, kì í ṣe mọ́tò tó ń gbérò gbowó, pé ẹnì kan tó wà nínú ọkọ̀ ti sọ fáwọn pé ó ń gbowó. Àwọn ti dáwọ́ gbogbo ẹ̀ dúró ná, ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ọwọ́ mi, ti mọ́tò... Ẹnì kan tó wà nínú ọkọ̀. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, mo sì ń gbé ọwọ́ tó kán kọ́rùn kiri, ta ni wọ́n máa fura sí bí kò ṣe Ayọ̀? Bàbá Bísí ti fi í sílẹ̀ lọ nígbà kan tó pẹ́ jáde, wọ́n sì sọ̀rọ̀ síra wọn lọ́jọ́ náà. Ayọ̀ gbé Bíbélì dúró lórí àtẹ̀gùn, ó búra, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Wọn kì í jẹ́ kíkí rẹ̀ mọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Èmi náà kì í jẹ́ ẹ tí wọ́n bá wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ìyá Bísí ló ń bá mi fọ aṣọ látìgbà tọ́wọ́ mi ti kán. Níbi tó ti ń fún aṣọ mi lọ́jọ́ kan ló ti ṣépè, pé ẹni tó ṣe àwọn báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ fún un láéláé. Mo ní àmín. Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá dákẹ́, ṣé kò ní wò mí lójú? Ó tiẹ̀ wò mí, àbí ojú mi ni? Látìgbà náà ẹran tó ń fi sínú ọbẹ̀ tó ń gbé wá fún mi tún pọ̀ sí i. Kí ló dé tó fi pọ̀ sí i? Ṣé ó ti mọ̀ ni, tó ń dán mi wò? Mi ò lè jẹ ẹ́ tán mọ́.

Ọkùnrin ìnṣọ́ránsì ti kọ̀wé sí mi pé kí n wá fọwọ́ sí ohun tí mo sọ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ó ní kí n má fòyà, pé wọ́n á wo tèmi lọ́tọ̀. Ibo ni wọ́n kọ ìyẹn sí? Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan, mi ò sì gbà á gbọ́. Bí mo bá fọwọ́ sí i, owó ẹsẹ̀ Bàbá Bísí ti wọgbó, bóyá ti ọwọ́ èmi náà sì ti bá a lọ. Bí mo bá ní irọ́ ni mo pa, mo ti di òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni mò ń sanwó. Ẹni tó bá mọ òfin nínú yín, ṣé owó pẹtiróòlù tí aládùúgbò dá fún aládùúgbò àti owó ọkọ̀, ọ̀kan náà ni? Ṣé mo ṣì lè padà lọ ṣàlàyé pé Bàbá Bísí kò jẹ èrè kankan lórí wa?

Lánàá ni Ìyá Bísí wá sọ fún mi pé ní Sunday tó máa kẹ́yìn oṣù, àwọn àgbà blọ́ọ̀kù máa lọ bẹ Ayọ̀ kó lọ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ó ní èmi ni kí n ṣáájú, pé Ayọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún mi, pé tó bá rí ọwọ́ mi, àánú á ṣe é. Ó ní, “Ìwọ lo máa bá wa sọ̀rọ̀.” Mo ní ó dáa. Olóòtú, ẹ bá mi tètè tẹ lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé, tí Ayọ̀ bá ṣílẹ̀kùn, tó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, tí gbogbo wọn dúró lẹ́yìn mi, kí ni kí n sọ fún un?