Òórùn Gáàsì Tí Kàsímù Rà fún Mi

Kàsímù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Surulérè? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú ara wa. Àwa náà wà ní Ajah níbí, a ń dúpẹ́, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí.

Gáàsì tí o rà fún mi kí èéfín igi má baà fọ́ mi lójú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, Làtífátù tó wà nílé kejì sí wa wá tọrọ iyọ̀, ló bá di imú, ó ní nǹkan ti kú sínú ilé mi. Èmi ò gbọ́ òórùn kankan, o kúkú mọ̀ pé èéfín ẹja yíyan ti pa imú mi tipẹ́. A tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tú ẹ̀yìn àpótí, a ò rí òkú eku, àfi ìgbà tí Làtífátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgò irin gáàsì yẹn tó ní ibẹ̀ nìyí. Mo ní wọ́n ti ta gáàsì tó ti bàjẹ́ fún ọmọ mi. Àánú rẹ ṣe mí.

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹja tó bá ti fẹ́ máa rùn, èéfín la fi ń gbà á là. Mo bá lọ bu ẹyin iná nídìí ààrò, kí n gbé e sábẹ́ ìgò náà kó lè gba èéfín díẹ̀. Ìta ni Tájù tó ń wakọ̀ ẹja wa lọ sí Ọbáléndé ti pàdé mi. Ó kígbe, ó gba iná lọ́wọ́ mi, ó dà á sínú iyanrìn, ó sáré wọlé lọ yí gáàsì náà pa.

Tájù ti bá àwọn onígáàsì wakọ̀ rí. Ó ní gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn burúkú sí i ni, kéèyàn lè mọ̀ tó bá ń jò. Mo ní ṣé wọn ò rí lọ́fínńdà fi sí i ni? Ó ní ta ló máa sá fún lọ́fínńdà.

Àmọ́ ẹni tó ní imú ni òórùn yẹn ń kìlọ̀ fún. Làtífátù ló ń wá bá mi gbóòórùn ilé láràárọ̀ báyìí, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ kó wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ti gbé gáàsì náà síta, mo ti padà sídìí igi, ojú mi sì ti tún ń ṣomi. Jọ̀ọ́, fi owó igi àti owó oògùn ojú rán Tájù sí mi. Tó bá ṣeé ṣe, máa wá wò mí fúnra rẹ, ẹ̀rù ń bà mí láti dá wà.

Ohunkóhun tó bá fẹ́ pa ọ́ níbẹ̀ yẹn, Ọlọ́run á jẹ́ kó kọ́kọ́ rùn sí ọ nímú. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Mọ́nsúrátù