Tíì Tó Ń Mú Ara Jò

Mubarakah, kí o tó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, èmi kọ́ ni mo jẹ̀bi Ìdíátù. Àwòrán ara páálí yẹn ló jẹ̀bi, àti ẹni tó yà á, àti ìwọ tí o fi í sínú báàgì mi. Mo kí ẹ o. Mo kí Nasirou ọkọ ẹ, mo kí Bilal, ọkọ mi kékeré. Oúnjẹ ò ní wọ́n yín nílé láyé, àṣẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ kún ilé ẹ̀ tó lóun ò jẹ, àdúà wo ló kù téèyàn ó ṣe fún un?

Ní Kupela ilẹ̀ Mọ́sì níbí, òjò ti ń rọ̀, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, gbogbo wa la wà, àfi Ìdíátù ará ilé kejì. O mọ̀ pé àtìgbà tí ibà ti gbé e dè ló ti rù bí igi àgbàdo. Nígbà tí mo wẹ ọmọ fún ọ tán ní Wàgá tí mo ń padà bọ̀, ìwọ lo fún mi ní páálí tíì yẹn, o ní Ìyá, ẹ máa mu ún, ó dáa fún ara. Mo délé, mo wo páálí. Obìnrin méjì ló wà lára ẹ̀, wọ́n fara jọra. O sì mọ̀ pé kéwú ni mo kọ́kọ́ kọ́ kí n tó fúnra mi kọ́ ìwé Yorùbá, apá ọ̀tún sì ni kéwú ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún. Mo rí obìnrin gbígbẹ kan, eegun ọrùn ẹ̀ yọ, ó yọ eyín síta, mo ní ebi ló ń fa eyín yẹn síta báyìí. Mo wá wo òsì. Háà! Obìnrin yìí náà ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún, apá ti kún, ìdí ti gba aṣọ, ó sì fajú ro bí ìyàwó olówó. Mo ní barka, a dúpẹ́, oògùn tí Ìdíátù ń wá rèé!

Mo gbé e fún un, ó mu ún láàárọ̀, ó mu ún lọ́sàn-án. Kí oòrùn tó wọ̀, ilé ìgbẹ́ ti di ilé ẹ̀. Èyí tó kù lára ẹ̀ náà bá omi lọ. Ó lóun fẹ́ dé ìdí kànga, ìró ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ Mọ́sì. Ó ní mo fẹ́ pa òun kí n lè gba ìsọ̀ òun lọ́jà. Ọkọ ẹ̀ pè mí lẹ́jọ́ síwájú lèmámù. Ni mo bá pè ọ́ lórí fóònù, o rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ, o ní tíì kí ara jò ni, pé òsì ni wọ́n ti ń wò ó.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni tíì kí ara jò ń wá nílé ìyá ọlọ́mọ? Ta ló ń sanwó kó lè rù? Ebi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ látayébáyé!

O wá ń là mí lóye rejímù, ètò oúnjẹ tó ń mú ara jò, pé Nathalie tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní búrò ló kọ́ ọ. Àkọ́kọ́, ẹran, ẹyin, òróró, kò gbọdọ̀ sí òkèlè tòó, kò gbọdọ̀ sí ìrẹsì, kò gbọdọ̀ sí búrẹ́dì. Mo bi ọ́ léèrè pé kí lo máa wá fi jẹ òróró náà. Ìwọ náà lo sọ pé ó ń jẹ́ kí ẹnu rùn, kí orí máa fọ́, kí ìgbẹ́ má yọ. O fi í sílẹ̀, o mú èkejì: má jẹun àfi lọ́sàn-án títí dìrọ̀lẹ́. Ààwẹ̀ nìyẹn! Ààwẹ̀ tí kò ní sààrì, tí kò ní àníyàn fún Ọlọ́run, ta ló fẹ́ san ọ́ ní láádà ẹ̀? Ojú ẹ ṣú lórí alùpùpù lọ́nà Pissy ní Wàgá, díẹ̀ ló kù kí o lọ gbá òkúta. O tún mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọbẹ̀ kábéèjì láàárọ̀, ọbẹ̀ kábéèjì lálẹ́. Mubarakah, àgbò tí mo so mọ́lẹ̀ de Iléyá, kí ló ń jẹ bí kò ṣe ewé? Ṣé ó ń jò ni?

Èyí ní jẹ òróró, èyí ní má fojú kan òróró, èyí ní jẹ ohun tó wù ọ́ ṣùgbọ́n máa wo aago. Ẹlẹ́rìí tí ẹnu wọn ò kò báyìí, lèmámù á lé wọn jáde. Ibi kan ṣoṣo lẹnu wọn ti kò: gbogbo wọn ló parí sí páálí tí Nathalie ń tà. Nathalie yìí kan náà ló jẹ ìrẹsì níbi ìsọmọlórúkọ Bilal tó tún di sínú ọ̀rá lọ sílé!

O tún ní fóònù ló ń ka ohun tí o bá jẹ, tó sì ń ka ìrìn ẹ. Ta ló wà nínú ẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹnu ọmọ mi? Ṣebí Nasirou ló ra fóònù náà? Ṣebí etí mi yìí ni mo fi gbọ́ nígbà tó ní ẹnu ọ̀nà yàrá ti ń há mọ́ ìyá Bilal? Ó ní eré lòún ń ṣe. Mi ò fẹ̀sùn kàn án o, ṣùgbọ́n òun ni.

Ara ìyá ọlọ́mọ kì í ṣe tiẹ̀, ti ọmọ ni. A ti ń fi ọbẹ̀ gbígbóná pa á mọ́ fún un látọjọ́ tó ti bímọ, kì í ṣe kí Nathalie wá fi tíì ṣàn án dànù. Nígbà tí o ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, mo gbọ́ Bilal lẹ́yìn ẹ. Ẹkún inú rírun kọ́ nìyẹn. Mo ti tọ́mọ, mo mọ ẹkún ebi. O ní ò ń fi wàrà agolo ràn án lọ́wọ́. Kí ló ṣe ọyàn?

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, mò ń bọ̀, kí n sì fi díẹ̀ ra ẹja tútù fún Ìdíátù. Má fi sínú fóònù o. Ìjọsí tí o ní owó ti wọlé, mo tú ẹ̀yìn fóònù, mo yọ bátìrì, mi ò bá kọ́bọ̀ níbẹ̀. Fún awakọ̀ kó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ọlọ́run á bo àṣírí ẹ, ọmọ mi. Omi ọyàn ẹ ò ní gbẹ, o ò ní fi ọwọ́ ara ẹ ta ìlera ẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó wọkọ̀, má pe Nasirou sí i, má pe Nathalie sí i, ìwọ ni mò ń bi: ọmú tí ò ń fún Bilal, ṣé ó ń yó o, àbí kò yó o? Dá mi lóhùn!