Má Tú Okùn Itan Hàjàrá

Ràódàt ọmọ mi, mo ti lọ kírun. Hàjàrá ọmọ rẹ ń sùn lọ́dọ̀ Bàrákàt àbúrò rẹ. Bí o bá rí okùn tó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, má tú u o! Dókítà obìnrin tó wà ní ọsibítù Bantama ló dè é. Aṣọ tútù ni kí o fi nù ún lára, má wẹ̀ ẹ́. Egungun itan rẹ̀ ló yẹ̀; bí a bá tú okùn, á tún yẹ̀.

Ojú mi yìí ló ṣe é. Obìnrin náà fi ìka gbé itan ọmọ, egungun sì wọlé, "kọ́!" Subhanallahi! Kò fi abẹ kàn án, ọmọ ò tilẹ̀ sunkún. Ó ní yóò rìn dáadáa.

Ó wá bi mí pé, "Maame, ta ló ń fi aṣọ so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀?" Mo ní èmi ni, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé òun ló ń mú egungun itan yẹ̀. Forí jì mí.

Àbúrò mi Sàláwà tiro títí ó fi kú. Ìyá wa so ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà pọ̀ lọ́mọ ọwọ́. Orogún ìyá wa la sọ pé ó fi àjẹ́ ṣe é. Títí obìnrin náà fi kú, a ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀.