Òrófó Tó Wá Jẹ Ìbẹ́pẹ Lẹ́yìn Ilé Wa

Yèyé mi àtàtà,

Adó ni mo wà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ya fọ́tò. Òjò ò jẹ́ kí oníbàárà kankan yọjú láàárọ̀ yìí, ọkàn mi sì ń fà sí yín. Ìròyìn bàbá ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, nígbà tí àwọn èèyàn tú ká tán, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì padà sí Àkúrẹ́, èmi dúró ní Ìlórò kí bàbá má baà dá wà. Yèyé, kò rọrùn. Bàbá ò jáde síta mọ́. Wọ́n á jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á kọjú sí ògiri. Bí mo bá gbé iyán síwájú wọn, wọ́n á bù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní àwọn ti yó. Wọn ò sunkún. Ì bá sàn lójú mi kí wọ́n sunkún. Oko kòkó tí wọ́n máa ń jí lọ kí ojúmọ́ tó mọ́, wọn ò tiẹ̀ béèrè rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n má baà kú sínú yàrá yẹn. Ẹ̀yin náà mọ ọkọ yín. Bí a bá mú wọn kúrò ní Ìlórò, kí ni yóò ṣẹ́kù lára wọn?

Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbójú sókè. Àwọn àdàbà ti tò sórí ògiri, àwọn ẹ̀gà ń pariwo lórí igi máńgòrò, gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè. Bí ẹ bá gúnyán tán, ẹ ó ha odó, ẹ ó da èérún rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ẹ ó wá máa bá àwọn ẹ̀gà wí bí ẹni ń bá ọmọ wí: “Ẹ fún àdàbà láyè, ẹ̀yin olójúkòkòrò yìí!” Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ ti lọ. Ta ni ì bá sọ fún wọn? Mo sunkún níbẹ̀, tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́.

Kọ̀nkọ̀sọ̀ yín tó ti ya létí ni mo mú, mo so okùn mọ́ ọn, mo fi kọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Mo da àgbàdo tí mo rún wẹ́wẹ́ sí i, mo gé ìbẹ́pẹ lé e, mo sì gbé omi sísàlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sá. Nígbà tó yá, wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni mo bá gbé kámẹ́rà tí mo fi ń ya ìgbéyàwó jáde, mo lúgọ sẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná. Yèyé, ẹyẹ kì í ṣe ìyàwó o! Ẹ lè ní kí ìyàwó gbé àgbọ̀n sókè, kó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹyẹ ò gbọ́ ìyẹn. Ìrù lásán ni mo ń rí yà, tàbí kọ̀nkọ̀sọ̀ tó ń mì láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Àfìgbà tí òrófó kan bà sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, omi ìbẹ́pẹ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo rí ìyẹn yà dáadáa.

Inú mi dùn débi pé n kò lè pa á mọ́ra. Mo sáré wọ yàrá bàbá, mo fi kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n sún un sẹ́yìn.

“Kí ló ń jẹ yìí?”

“Ìbẹ́pẹ ni, bàbá.”

“Ìbẹ́pẹ wa?”

“Tiwa ni.”

Wọ́n tún wò ó. “Ó jọ yèyé rẹ tó bá ń jẹ máńgòrò.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Yèyé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, omijé náà ò sì dúró mọ́. Mo di èjìká wọn mú, àwa méjèèjì jọ sunkún yín. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n béèrè ẹran.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wọ́ àga wá síbi fèrèsé. Ẹ ò rí i pé wọ́n ń da iṣẹ́ rú fún mi! Bí ẹyẹ bá ti bà, wọ́n á wúkọ́. Bí wọn ò bá wúkọ́, wọ́n á na ìka sí i, “Òun nìyẹn, òun nìyẹn!” ẹyẹ á sì fò lọ. Ìka bàbá wà nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò tí mo yà. N kò pa ọ̀kankan rẹ́ nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé mọ́tò dé lóòótọ́. Ó bá bàbá níbi tí wọ́n ti ń bó ìbẹ́pẹ.

“Bàbá, a ti tọ́jú yàrá kan dè yín.”

Bàbá ò gbójú sókè. “Ṣé ẹyẹ wà lọ́dọ̀ rẹ?”

“Ẹyẹ kẹ̀?”

“Àwọn tí yèyé rẹ ń bọ́ nìwọ̀nyí. Bí mo bá tẹ̀lé ọ, ta ni yóò fún wọn lóúnjẹ? Mi ò ní fi ulé mi sílẹ̀.”

Ojú ẹ̀gbọ́n mi le. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń fi àwọn fọ́tò hàn án. Nígbà tó kan èyí tí bàbá ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èérún àgbàdo lójú àtẹ́lẹwọ́, ó dá kámẹ́rà padà fún mi, ó lọ bọ́jú lẹ́yìn ilé. Ó sùn tì wá. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló da àgbàdo sínú kọ̀nkọ̀sọ̀ kó tó wa mọ́tò rẹ̀ lọ lóun nìkan.

Kò pẹ́ tí bàbá fi lé èmi náà. Wọ́n ní kí n padà síbi iṣẹ́ mi, pé ọwọ́ àwọn ò dilẹ̀ mọ́. Àbúrò yín tó ń gbé lódìkejì títì ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ti padà sóko.

Yèyé, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni? Ṣé ẹ ti mọ̀ pé ẹ ó ṣíwájú wọn, tí ẹ fi kó àwọn ẹyẹ yẹn jọ dè wọ́n?

Bàbá tí kì í pe èèyàn lórí fóònù pè mí kí òjò yìí tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, kí ló dé?” Mo ń gbọ́ nǹkan tó ń dún pà pà pà bí ìyẹ́ ẹyẹ, mo wá gbọ́ ohùn àdàbà, lẹ́yìn náà ni ariwo ẹ̀gà gba gbogbo fóònù. Wọ́n ti na fóònù sí àwọn ẹyẹ lábẹ́ igi.

“Ṣé ò ń gbọ́ wọn?”

“Mò ń gbọ́ wọn, bàbá.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. Wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pa fóònù, nítorí náà mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, tí wọ́n ń bá àwọn ẹ̀gà jà.

Ó wù mí kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Èmi ni, àbíkẹ́yìn yín, tí ìfẹ́ yín ò tíì dín lọ́kàn rẹ̀.