Igbó Tó Ń Dá Ẹni Padà

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹwàá, 2024
Mo ka orí kẹta ìwé tí mò ń kọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Ibi tí Láyí, ọmọ inú ìtàn náà, ti rí igbó àràmàǹdà lẹ́yìn ìlú Ìkọ̀yà níbí — ẹni tó bá dúró lábẹ́ àràbà ibẹ̀, tó pe orúkọ ẹni tó sọnù, ẹni náà á jáde wá.

Ẹ̀ga sì sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́lọlá ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú nígbà òjò, kò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́. Lónìí ó nawọ́: ṣé igbó náà wà lóòótọ́? Inú mi dùn débi pé mo ní ó wà, ẹni tó bá gbàgbọ́ ló ń rí i.

Ọjọ́ Ajé, 7
Ẹ̀ga tún wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀nà wo ni Láyí gbà? Mo júwe rẹ̀: kọjá ibi tí wọ́n ti ń fún epo, yà sápá òsì létí odò. Ọ̀nà tòótọ́ ni, mo fi sínú ìwé kó lè dùn. Òǹkàwé mi àkọ́kọ́ nìyí.

Ọjọ́rú, 9
Orí kẹrin parí. Mi ò kọ nǹkan tó dùn tó báyìí rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Gideon, bàbá Ẹ̀ga — ará etíkun, ẹja ló ń tà — kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án. Òjò ti rin ín gbindingbindin.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dọ̀ yín lọmọ mi wà? Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun ń lọ síbi tí ẹ júwe."

Mo bá a jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lójú ọ̀nà ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ṣáà ń yára rìn. Àwọn ará ìjọ Àládùúrà wọn bá wa wá a, ẹrẹ̀ lára aṣọ funfun. Àwọn tó ń kọ ẹyìn ló rí i nírọ̀lẹ́, lábẹ́ àràbà. Ó ti pè, ó ti pè, ohùn rẹ̀ ti há.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Ọsibítù, Òkìtìpupa. Ibà mú Ẹ̀ga. Mo gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja lọ, kò jẹ. Ó fa ọwọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Àǹtí, 'Ìyé' ni mo pè é nínú igbó, bí mo ṣe ń pè é nílé. Ṣé orúkọ rẹ̀ gan-an ló yẹ kí n pè? Ẹ̀rù bà mí láti dárúkọ màmá mi."

Mo ní kó sùn. Ẹnu tí mo fi sọ pé igbó wà, mi ò rí i fi sọ pé kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Gideon kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó òun, òun kò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé, kí àwọn ọmọ má baà sunkún. "Ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kó pe ìyá rẹ̀ ló ń wá."

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Àwọn ọmọ ní kí n kàwé fáwọn. Mo fún wọn ní ìṣirò. Nígbà tí mo délé, mo gbìyànjú láti tún orí kẹta kọ — kí Láyí pè, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Mi ò kọjá ìlà kejì.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Ẹ̀ga ti délé. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń họ ìpẹ́ ẹja. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́ láìfi bò: kò sí igbó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi orí ara mi hùmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí.

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀ pé òkú kì í padà, Àǹtí. Mo rò pé tíṣà mọ̀ jù mí lọ ni."

Gideon sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọ̀la lòun ń mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjù-Odò, ibẹ̀ ni yóò ti máa lọ sílé ìwé. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n má bínú.

Èmi ló ní kí n má bínú.