Eléèpo, Ẹ̀gbọ́n Wa Tí Kì Í Sọ Òpin Ìtàn Lójú Ìwé

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ yìí, ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ kú ìdúró. Ní ọdún 1951, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé páìpù ọ̀run bẹ́, ni a bí olóògbé sí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wa. Àwọn ni àkọ́bí. Káfíńtà ni bàbá wa, ọmọ káfíńtà. Àga tí bàbá bàbá wa kàn ṣì wà nílé títí dòní, ìran mẹ́rin ló ti jókòó lé e, kò tíì mira. Agbẹ̀bí ni ìyá wa. Ìyá sọ ọ́ títí wọ́n fi lọ pé bí àkọ́bí àwọn ṣe jáde ló ti di ìkúùkù bí ẹni tó mú pẹ́ńsùlù dání, àti pé pẹ́ńsùlù yẹn ni àwọn kọ́kọ́ wá kí àwọn tó gé ìwọ́. Wọn kò rí i. Àbúrò olóògbé, tí ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí nítorí pé ẹnu rẹ̀ ló gùn jù nínú ilé, kò tíì dáyé nígbà náà. Ọdún 1956 ló tó dé. Àmọ́ ó gbà á gbọ́.

Ní ọdún 1957, wọ́n fi olóògbé sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀wé, àmọ́ etí ìwé ni wọ́n mọ̀ jù. Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò ní kí wọ́n pín ọsàn mẹ́rìnlélógún fún ọmọ mẹ́fà, wọ́n ya gbogbo ọsàn náà, wọ́n ya ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n tún wá ya ọmọ keje tó ń sá lọ tòun ti ọsàn kan lẹ́nu. Olùkọ́ fún wọn ní òdo. Olùkọ́ yìí kan náà ló gé àwòrán yẹn kúrò nínú ìwé, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ilé fi wó. Olóògbé ka ìwé mẹ́wàá yanjú ní ọdún 1969. Kíláàsì kẹrin ni àbúrò wọn ti kúrò ní tirẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n bá nínú dúrọ́ọ̀ olùkọ́ àgbà, àmọ́ ìtàn tirẹ̀ kọ́ là ń kọ.

Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní kí olóògbé máa ya èèpo ẹ̀yìn fún ìwé ìtàn aláwòrán, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní kómíìkì. Akọni àti Gbéwiri ni orúkọ ìwé náà. Akọni ló ń gba ìlú là. Gbéwiri ni olè tó ń jí ohun tí kò ṣeé jí: ó jí afárá, ó jí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tiẹ̀ jí òjìji odidi iléèwé kan. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni olóògbé fi ya èèpo rẹ̀, lóṣooṣù, wọn kò pa oṣù kan jẹ.

Yàrá kan tó kọjú sí títì ni wọ́n fi ṣe ibi iṣẹ́. Bàbá wa ní àwọn yóò ṣe pákó ẹnu ọ̀nà fún wọn. Ohun tí bàbá fẹ́ kọ ni "A Ń ṢE ÈÈPO ÌWÉ NÍBÍ", àmọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí fèrèsé, pákó sì fẹ́ tán. Bàbá bá yọ "ìwé" kúrò. Ó di "A Ń ṢE ÈÈPO NÍBÍ". Ní ọdún 1977, obìnrin aránṣọ kan tó ń sin ewúrẹ́ mẹ́fà ń kọjá lọ, ó rí pákó yìí, ó sáré lọ sílé lọ gbé ike ńlá wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ ní ni àbí ti ànàmọ́?"

Olóògbé ní, "Èèpo ìwé ni."

"Èèpo ìwé. Ṣé ẹ máa ń bó ìwé ni?"

"Rárá o. Mo máa ń wọ aṣọ fún un ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe nìyẹn."

Olóògbé kó àwọn àwòrán tó ti bàjẹ́ kún inú ike fún un, kó má baà lọ lófìfo. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Ó ní àwọn ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní alápá ńlá yẹn ló dùn jù. Ní ọdún 1979 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pe olóògbé ní Eléèpo.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó lọ, ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ìtàn tuntun bá ti ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń kà á. Wọn á wá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn á lọ fọ abọ́. Kò sí ilé tí abọ́ rẹ̀ mọ́ tó tiwa nílé ayé. Ohun tí kò bá bá omi abọ́ lọ nínú ìtàn náà, wọ́n ní òun ló yẹ èèpo. Wọn á gé bébà wẹ́wẹ́, kí ó má ju páálí ìṣáná lọ, wọn á ya ogún àwòrán, wọn á lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ìta, wọn á sọdá sí òdìkejì títì, wọn á di ojú kan. Èyí tí ojú kejì bá ṣì rí ni wọn á mú. Ìyókù di ti ewúrẹ́. Nígbà kan, ìdúró yẹn pẹ́ débi pé ẹyẹ méjì ti kó koríko dé èjìká wọn kí wọ́n tó rántí pé èèyàn ni àwọn.

Lẹ́yìn náà ni wọn á pe ẹbí jọ. Ìyàwó wọn ló ń dúró fún Akọni. Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń ya àgbọ̀n Akọni láti kékeré, àgbọ̀n ìyàwó wa nìyẹn, irùngbọ̀n nìkan ni olóògbé fi kún un. Orí tábìlì ìjẹun ni ìyàwó wa ń gùn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́rùn, tí àwọn ọmọ á máa fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àbúrò ló ń dúró fún Gbéwiri, pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá fi yíǹkì dúdú fà á tán, àwọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń kùn ún. Wọ́n ní bí gbogbo àwọ̀ bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìpàdé ẹbí ló máa dà. Wọ́n máa ń fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ lókè fún orúkọ ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé, ní ọdún 1982, ni onítẹ̀wé bá tẹ orúkọ lé Akọni lójú, tí imú nìkan fi gba ìlú là lóṣù yẹn. Àmọ́ òfin tó ga jù lọ́dọ̀ wọn ni pé èèpo kò gbọdọ̀ sọ òpin ìtàn. Bí Akọni bá máa ṣubú, kí ẹsẹ̀ ti yẹ̀, kí ara má tíì kan ilẹ̀.

Ibi tó ti ń dun àbúrò, tó ni ojú Gbéwiri, nìyí. Bó bá wọ ọkọ̀ èrò, àwọn ìyá á fa báàgì mọ́ra. Ọmọ rẹ̀ ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní kí bàbá òun dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun padà. Ní ọdún 1984, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti gbé ọmọrí ìkòkò dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ fi mí ṣe ẹni rere lójú ìwé."

Olóògbé kò gbé orí sókè. "Dúró dáadáa, o ń ba òjìji imú jẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́ Akọni, àyà ńlá ló gbà. Ojú tí ọmọdé máa sá fún, tó tún máa padà wá wò, ìwọ nìkan ni mo rí tó ní in."

"Ṣé ẹ máa ṣe é àbí ẹ ò ní í ṣe é?"

"Ọjọ́ rẹ ń bọ̀. Gbé ọmọrí sókè."

Ó gbé e sókè. Lọ́dọọdún ló ń bẹ̀bẹ̀, lọ́dọọdún ló ń gbé ọmọrí sókè.

Ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run ni olóògbé. Ní ọdún 1991, ilé ìjọsìn wa ní kí wọ́n ya ògiri yàrá àwọn ọmọdé. Wọ́n ya ọgbà, wọ́n ya ẹranko, wọ́n ya Sátánì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, aṣíwájú ìjọ wo ògiri, ó wo àbúrò olóògbé lórí bẹ́ǹṣì, ó sì gbàgbé ibi tó bá àdúrà dé. Olóògbé fẹ́ràn àdúgbò pẹ̀lú. Ní ọdún 1998, kòtò kan wà lẹ́bàá iléèwé tí ọmọ méjì ti já sí. Olóògbé kọ lẹ́tà sí ìjọba títí yíǹkì fẹ́ wọ́n láyé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, wọ́n ya orí Gbéwiri sára pákó, ó ga ju èèyàn lọ, wọ́n gbé e sẹ́nu kòtò bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti ń yọjú. Kò tún sí ọmọ tó já sí i mọ́. Àdúgbò dúpẹ́ lọ́wọ́ olóògbé gan-an. Wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú.

Ní ọdún 2019, ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Abẹ́ pákó bàbá ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń kí ará ọ̀nà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ó ku èèpo kan, èèpo ìwé ìsìnkú àwọn. Ìyàwó wọn ní, "Ta ló ń kánjú báyìí?" Wọ́n ní, "Èmi kọ́. Onítẹ̀wé ló máa ń kánjú." Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yà á, tí ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Wọ́n dì í sínú àpòòwé, wọ́n ní onítẹ̀wé nìkan ni kó ṣí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án, lórí àga tí bàbá bàbá wa kàn, wọ́n sùn, wọn kò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n. Ojoojúmọ́ ni àbúrò ń lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé títí onítẹ̀wé fi ṣí àpòòwé náà lójú rẹ̀. Ó ti dá a lójú pé wọ́n ti ya òun níbi tí òun ti ń jí pósí gbé.

Àwọn tí olóògbé fi sáyé lọ nìwọ̀nyí: ìyàwó wọn, ìyẹn Akọni; ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ awakọ̀ tírélà, àti àbíkẹ́yìn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé; ọmọ-ọmọ méje, tí èyí tó kéré jù nínú wọn kò fi ògiri kankan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí, àbúrò kan, àti ewúrẹ́ mẹ́rin tí ebi bébà ń pa.

Ẹ wá dákẹ́ kíkà díẹ̀. Ẹ pa ìwé ọwọ́ yín dé, ẹ wo èèpo rẹ̀. Yàrá iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí nìyẹn, lẹ́yìn tábìlì. Pẹ́ńsùlù ti yí dé etí tábìlì, ìdajì rẹ̀ ti wà lófuurufú. Ọkùnrin tó ń sáré wọlé bọ̀ yẹn, tó na ọwọ́ méjèèjì, tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ ojú rẹ̀. Kò jí nǹkan kan. Ó ń bọ̀ wá gba pẹ́ńsùlù náà là ni. Àwọ̀ mẹ́ta péré, àyè ìbú ọwọ́ kan lókè, ibẹ̀ la tẹ Eléèpo sí. Olóògbé sì pa òfin wọn mọ́ dópin: àwòrán náà kò sọ bóyá ọwọ́ ọkùnrin yẹn bá pẹ́ńsùlù.

Kí ilẹ̀ tí ẹ sùn sí rọ̀ fún yín, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n mọ́. Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọwọ́ mi bá a. Kò kan ilẹ̀.